Ọjọ́ tí Oòrùn Ba Dígí Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Magboro níbí mọ ìró yẹn: bí oòrùn ọ̀sán bá mú, páànù òrùlé á máa dún pà, pà. Ooru ló ń mú un fẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan bi mí ìdí tí àwọn tó ń ṣe lésà X-ray fi ń bẹ̀rù ooru tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti 1919 bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè wa.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, òṣùpá bo oòrùn lójú pátápátá. Arthur Eddington àti Edwin Cottingham wà ní Príncipe, erékùṣù tó wà lójú òkun ní gúúsù Nàìjíríà. Andrew Crommelin àti Charles Davidson wà ní Sobral, ní Brazil. Wọ́n fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe ń tẹ̀ tó bó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá. Ẹ pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600: Einstein ní yóò tẹ̀ tó 1.75 irú ìdá bẹ́ẹ̀. Ti Newton jẹ́ 0.87.

Oòrùn ràn ní Sobral. Awò méjì ni wọ́n gbé lọ, dígí ló sì ń darí ìmọ́lẹ̀ sínú wọn. Lálẹ́ ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n ti tún awò ńlá ṣe tó fi ríran kedere. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò, ìràwọ̀ ti di ràdàràdà: ooru ti mú dígí náà fẹ̀ láìdọ́gba. Èsì rẹ̀? 0.93. Ẹ ò rí nǹkan! Dígí tó gbóná fẹ́ẹ̀ dá Newton láre. Awò kékeré mú 1.98 wá.

Ní Príncipe, òjò rọ̀ láàárọ̀, ìkúukùu bojú ọ̀run, fọ́tò méjì péré ló wúlò. Ṣùgbọ́n ìkúukùu yẹn náà ló gba dígí Eddington lọ́wọ́ oòrùn. 1.61 ló rí. Wọ́n ti 0.93 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kéde pé Einstein ló jàre. Àwọn kan ṣì ń pè é ní ojúsàájú. Èmi ò gbà: ní 1979, wọ́n fi ẹ̀rọ tún fọ́tò awò ńlá yẹn wọ̀n, 1.55 ni wọ́n bá.

Ìyọnu kan náà ló wà nídìí lésà X-ray. Èyí tó wà nítòsí Hamburg, ní Jámánì, tí wọ́n ṣí ní 2017, lè tàn yẹ̀rì nígbà 27,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ojú dígí bá wú pẹ́nrẹ́n, kó kéré ju ìbú fọ́nrán irun lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìmọ́lẹ̀ ò ní pàdé sójú kan mọ́. Àwọn mìíràn ń lo dáyámọ́ńdì, tó tètè ń gbé ooru lọ. Sílíkọ́nì ní tirẹ̀, bó bá tutù dé nǹkan bíi −148°C, kì í fẹ̀, kì í sún kì; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú kírísítà rẹ̀ tutù rinrin. Ti California tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 lè tàn dé mílíọ̀nù kan ìgbà. Ooru tún dé nìyẹn.