Bí alùpùpù tàbí ọkọ̀ bá gbá yín ní ọ̀nà Savalou sí Bantè: bí ẹ ṣe lè gba ẹ̀tọ́ yín

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀, àmọ́ agboolé tí kò kàn kò pọ̀. Ọ̀nà ọ̀dà tó ti Dassa-Zoumè wá, tó gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou, gbogbo wa la jọ ń lò ó: ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, taksí, àwọn zémidjan tó ru àpò kajú, ìyá tó ń ti ọjà bọ̀, ọmọ tó ń lọ síléèwé. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, a máa ń sáré gbé ẹni tó fara pa. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ohun tó kù lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tọ́ wa ti ń bọ́ sọnù.

Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀

Ká sọ pé alùpùpù kan gbá àgbẹ̀ kan lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ilé ẹni tó gbá a dé. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín náà ni, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé.” Wọ́n mú 30.000 fráǹkì wá, wọ́n ní kí wọ́n fi ra oògùn. Àwọn ará ilé gbà á, wọ́n tẹ̀ka síwèé, kò sẹ́ni tó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ ò tíì jiná, owó ti tán, ìgbà oko ti kọjá. Tí wọ́n bá wá lọ béèrè, wọ́n á ní, “Ṣebí a ti parí ẹ̀?”

A ò sọ pé kí ẹ máa bá ara yín jà o. Àlàáfíà abúlé dára. Kí ẹni tó ṣeéṣì wá tọrọ àforíjì, kó san owó oògùn àkọ́kọ́, ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti tán nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ bí ara ṣe máa rí. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: bí alùpùpù tàbí ọkọ̀ náà bá ní asúránsì, kì í ṣe àpò ọmọ ará abúlé yín lowó náà ti máa jáde. Ilé iṣẹ́ asúránsì ni yóò san án. Torí náà, kíkọ́ ìwé ẹjọ́ náà dáadáa lè gba ẹni tó fara pa là, kó sì gba ẹni tó gbá a là pẹ̀lú.

Níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀

Ẹ̀mí ló ṣáájú. Ẹ gbé ẹni tó fara pa kúrò nínú ewu. Ẹ pe 118 fún àwọn pọ́ńpíà tàbí 117 fún ọlọ́pàá. Bí ìrànlọ́wọ́ bá jìnnà, ẹ wá ọkọ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn, ẹ má gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí alùpùpù.

Nígbà tí àwọn kan ń bójú tó o, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn kó kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

- nọ́mbà alùpùpù tàbí ọkọ̀ náà;
- orúkọ ẹni tó ń wà á àti ti ẹni tó ni ín, torí pé wọ́n lè má jẹ́ ẹnì kan náà;
- orúkọ ilé iṣẹ́ asúránsì àti nọ́mbà tó wà lórí ìwé rẹ̀;
- orúkọ àti tẹlifóònù ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta tó rí i lójú ara wọn.

Ẹ fi tẹlifóònù ya fọ́tò kí wọ́n tó gbé àwọn ọkọ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ò bá mọ̀wé, fọ́tò ìwé asúránsì náà tó.

Ìwé dókítà: kí ẹ gbà á kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn àwọn tó ń to eegun, wọ́n sì ní ìdí wọn. A ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, yálà ti arọ́ńdísímà yín, ti Bantè, tàbí hôpital de zone tó wà ní Savalou. Kí dókítà yẹ̀ yín wò, kó kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní certificat médical initial. Ìwé yẹn ló máa sọ ohun tí ìjàǹbá náà ṣe fún yín àti iye ọjọ́ tí ẹ ò ní lè ṣiṣẹ́. Tí kò bá sí, lọ́la wọ́n lè sọ pé inú oko lẹ ti ṣubú.

Gbogbo ìwé owó tí ẹ bá ná, ẹ tọ́jú ẹ̀: ìwé oògùn, ìwé rédíò, owó ọkọ̀ tó gbé yín lọ sí Savalou tàbí Abomey. Oògùn tí ẹ rà lọ́jà láìgba ìwé, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ wá àpò ọ̀rá kan, kí ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀, kí òjò má bàa pa á.

Ìwé ọlọ́pàá

Láti oṣù kìíní ọdún 2018, jáńdámù àti ọlọ́pàá ti di ọ̀kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Benin, wọ́n ń jẹ́ Police républicaine. Torí náà, kọmisáríà tó súnmọ́ yín jù ni kí ẹ lọ. Àwọn ni yóò wá wo ibẹ̀, wọ́n á gbọ́ ẹnu tọ̀túntòsì, wọ́n á sì kọ procès-verbal.

Òfin sọ pé gbogbo ìjàǹbá ọkọ̀ tó bá pa èèyàn lára gbọ́dọ̀ ní procès-verbal. Bí wọ́n bá ń bi yín lọ́rọ̀ ní Faransé tí ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa, ẹ sọ ọ́. Ẹ béèrè ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè yín. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí wọn ò tíì kà fún yín. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ nọ́mbà procès-verbal náà àti déètì rẹ̀ sílẹ̀.

Òfin tó ń dáàbò bò yín: Code CIMA

Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Yaoundé nípa ọ̀rọ̀ asúránsì. Òfin tó ti inú ẹ̀ jáde, tí wọ́n ń pè ní Code CIMA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1995. Òun la ń lò ní Benin. Ó ní gbogbo ohun tó ní ẹ́ńjìnnì tó ń rìn lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní asúránsì. Alùpùpù wà nínú ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ nípa ẹni tó fara pa:

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, tàbí ẹni tí zémidjan gbé sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wà á. Wọn ò lè torí àṣìṣe kékeré tiẹ̀ fi owó rẹ̀ dù ú. Àfi tó bá jẹ́ pé àṣìṣe tí kò ní àwíjàre ni, tó sì jẹ́ òun nìkan ló fa ìjàǹbá náà. Ẹni tó ń wa alùpùpù ní tiẹ̀, bó bá jẹ̀bi, wọ́n lè dín owó rẹ̀ kù tàbí kí wọ́n má fún un rárá.

Ilé iṣẹ́ asúránsì ò gbọdọ̀ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀bẹ̀. Láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ ìjàǹbá, ó gbọ́dọ̀ sọ iye tó fẹ́ san. Bí ẹni náà bá kú, oṣù 8 ni wọ́n fún un láti ọjọ́ ikú. Bí ara ò bá tíì jiná dáadáa, wọ́n lè kọ́kọ́ fún yín ní díẹ̀ ná, kí wọ́n wá san ìyókù nígbà tí dókítà bá kọ ìwé pé ara ti dúró síbi tó máa dúró sí. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní consolidation.

Èló ni?

Kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Wọ́n ń wo owó tí ẹ ná fún ìtọ́jú, ìgbà tí ẹ ò fi lè ṣiṣẹ́ bó bá ju ọjọ́ 8 lọ, àbùkù tó kù sí ara, ìrora tí ẹ jẹ, àti àpá tó ba ẹwà jẹ́. Dókítà ló máa kọ ìwọ̀n àbùkù náà sí ìdá ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń ní, “Èmi ò gba owó oṣù, kí ni wọ́n máa fún mi?” Òfin ti rò ó. Àgbàlagbà tí kò ní ìwé tó fi iye tó ń rí hàn, SMIG ni wọ́n á fi ṣírò tiẹ̀, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ó jẹ́ 52.000 fráǹkì lóṣù. Àgbẹ̀ tá a sọ níṣàájú yẹn, tí dókítà bá kọ ọ́ pé oṣù 3 ni kò fi lè ṣiṣẹ́, 156.000 fráǹkì nìyẹn fún oko tí kò lè ro nìkan. A ò tíì ka owó oògùn, a ò tíì ka àbùkù ẹsẹ̀. Ẹ wá fi wé 30.000 tó fi tẹ̀ka síwèé.

Bí ẹni náà bá kú

Kí Ọlọ́run má ṣe é o. Àmọ́ bó bá ṣẹlẹ̀, aya tàbí ọkọ, àwọn ọmọ, àwọn òbí, àwọn arákùnrin àti arábìnrin rẹ̀ lè béèrè. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, òfin náà mọ̀ wọ́n. Owó ìsìnkú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ìwé ohun tí wọ́n ná bá wà, àmọ́ kò lè ju SMIG ọdún kan lọ, ìyẹn 624.000 fráǹkì.

Ibi tó ti ń ṣòro ni ìwé. Ìyàwó tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní mérì, ọmọ tí kò ní acte de naissance, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi hàn pé àwọn ni wọ́n ni òkú? Torí náà, ẹ tètè gba acte de décès. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lónìí tí nǹkan kan ò tíì ṣe yín, ẹ lọ ṣe ìwé àwọn ọmọ yín. Ẹ má dúró de ọjọ́ ibi.

Tí wọ́n bá gbé owó wá kí ẹ fọwọ́ sí i

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé náà, kí ẹ fi han ẹni tó mọ̀wé, tó sì mọ òfin. Bẹ́ẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i tí ọkàn yín ò balẹ̀, Code CIMA fún yín ní ọjọ́ 15 láti yí ọ̀rọ̀ yín padà. Lẹ́tà tí pọ́ọ̀sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, lettre recommandée, lẹ máa fi ṣe é. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ti yọwọ́ nínú ẹ̀tọ́ yẹn, asán ni. Tí ọjọ́ 15 bá kọjá, wọ́n ní oṣù kan láti san owó náà.

Bí ilé iṣẹ́ asúránsì bá ń fi yín ṣeré, tí wọ́n ń ní “ẹ padà wá lọ́la,” ẹ lè kọ̀wé sí Direction des Assurances ní Cotonou, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó owó.

Bí kò bá ní asúránsì, tàbí bó bá jẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè

Ká má parọ́ fúnra wa, alùpùpù tí kò ní asúránsì pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Níbẹ̀, ẹni tó gbá yín àti ẹni tó ni alùpùpù náà lẹ máa dojú kọ nílé ẹjọ́. Ó lè má ní owó lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ bá a ṣe àdéhùn pé kó máa san án díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí iye owó àti ọjọ́ tó máa san án hàn, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i.

Bó bá gbá yín tó sá lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin. Ẹ tètè sọ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n lè wá a.

Àwa tá a súnmọ́ ẹnu ibodè Togo, ọkọ̀ ibẹ̀ ń wọlé, ọkọ̀ Nàìjíríà náà ń kọjá. Ẹ béèrè Carte Brune CEDEAO lọ́wọ́ wọn. Cotonou ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982. Ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà ní Benin ló máa bá yín dá sí i, ẹ ò ní láti lọ sí Lomé tàbí Èkó kẹ́ ẹ tó gba ẹ̀tọ́ yín.

Ilé ẹjọ́ àti ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́

Ilé ẹjọ́, ìyẹn tribunal de première instance, wà ní Savalou. Bí wọ́n bá ń bá ẹni tó gbá yín ṣẹjọ́ níbẹ̀, ẹ ní láti sọ pé ẹ fẹ́ jẹ́ partie civile. Bẹ́ẹ̀ ò bá sọ ọ́, adájọ́ lè dá a lẹ́bi, kó bu owó ìtanràn fún un, àmọ́ ìjọba ló ni owó ìtanràn yẹn. Owó gbà-má-bínú yín yàtọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè ẹ̀. Ẹ rí i dájú pé wọ́n pe ilé iṣẹ́ asúránsì náà wá síbẹ̀.

Agbẹjọ́rò máa ń gba owó. Kẹ́ ẹ tó fún un níṣẹ́, ẹ béèrè iye tó máa gbà, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò lówó lè béèrè assistance judiciaire. Guichet unique de protection sociale tí a mọ̀ sí CPS tẹ́lẹ̀ lè júwe ọ̀nà fún yín. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń rìn káàkiri ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní àwọn mọ èèyàn nílé asúránsì, tí wọ́n ń gba ojúlówó ìwé lọ́wọ́ yín. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà, ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni alùpùpù yín gbá èèyàn, ẹ má sá. Ẹ sọ fún ilé asúránsì yín kíá. Ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni wọ́n sábà ń kọ sínú ìwé àdéhùn. Àìsọ rẹ̀ lè kó yín sí gbèsè.

Ní kúkúrú: ìwé dókítà, procès-verbal, nọ́mbà asúránsì, ìwé owó tí ẹ ná. Mẹ́rin péré. Ẹ kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé nílé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún chef de village yín, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà o.