Ajíhìnrere tí ó kọ Ifá sílẹ̀

Ní Oko Ọba níhìn-ín, Kristiẹni mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ Ifá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láyé àwọn bàbá wa, tí ẹni tí ó bá gbàgbọ́ a kó ikin rẹ̀ fún àlùfáà. Ṣùgbọ́n E. M. Lijadu, ajíhìnrere tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, tọ àwọn babaláwo lọ pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Ìwé rẹ̀ Ifá jáde ní 1898, Ọ̀rúnmìlà sì tẹ̀lé e ní 1908. Àwa kò fara mọ́ gbogbo ìdájọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ ni ó bá Ifá wá rò. Síbẹ̀, àwọn ẹsẹ tí ó kọ sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa, bí àwọn tí ó kì wọ́n fún un tilẹ̀ ti kú tipẹ́.