John Baskerville àti Lẹ́tà Rẹ̀

Lẹ́tà ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé kí ọkàn tó gba ọ̀rọ̀ inú ìwé. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ni òǹkàwé tí í bèèrè ẹni tí ó ṣe lẹ́tà tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni John Baskerville, ará Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ó tó di atẹ̀wé, ó ń kọ́ ènìyàn ní ọ̀wọ́ ìkọ̀wé, ó sì ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta ibojì. Lẹ́yìn náà ni ó di ọlọ́rọ̀ nídìí iṣẹ́ fífi ọ̀dà dídán kun ohun èlò. Ní nǹkan bí ọdún 1750, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó yìí sórí iṣẹ́ ìtẹ̀wé. John Handy ni ó bá a gbẹ́ òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà. Ní ọdún 1757 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, èyí tí í ṣe iṣẹ́ Virgil, akéwì ará Róòmù.

Lẹ́tà William Caslon ni ó gbòde nígbà náà. Nínú ti Baskerville, ìyàtọ̀ àárín ìlà tí ó nípọn àti èyí tí ó tín-ín-rín pọ̀ ju ti Caslon lọ. Ẹsẹ̀ kéékèèké tí ó wà ní ìparí ìlà mú ṣóńṣó. Ìrù lẹ́tà ńlá Q sì nà jáde bí ìgbà tí kálàmù bá yí lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí ìlà tín-ín-rín wọ̀nyí lè hàn ketekete, Baskerville po tàdáwà tí ó dúdú kirikiri, ó wá tákàdá tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó sì ń fi àwo bàbà gbígbóná tẹ ojú ìwé tí ó bá ti tẹ̀ tán.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò yìn ín. Wọ́n ní lẹ́tà rẹ̀ yóò fọ́ àwọn òǹkàwé lójú. Ní nǹkan bí ọdún 1760, Benjamin Franklin, atẹ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí i nípa ọkùnrin kan tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Franklin ya orúkọ Caslon kúrò lórí ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà Caslon, ó sì gbé e fún ọkùnrin náà bí ẹni pé ti Baskerville ni. Kíá ni onítọ̀hún ń ka àbùkù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó ń ráhùn pé ó ń dun òun lójú. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ ìwé tirẹ̀ gan-an ni.

Yunifásítì Cambridge fi Baskerville ṣe atẹ̀wé wọn ní ọdún 1758, ó sì tẹ Bíbélì aláràǹbarà fún wọn ní ọdún 1763, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò mú èrè wá. Ó kú ní ọdún 1775. Ní ọdún 1779, Sarah, opó rẹ̀, ta àwọn lẹ́tà náà fún Beaumarchais, òǹkọ̀wé ará Faransé. Òun ni ó fi wọ́n tẹ àpapọ̀ iṣẹ́ Voltaire ní Kehl ní ilẹ̀ Jámánì, nítorí pé a kò gbà á láyè ní Faransé.

Ọjọ́ a bá kú là á dère. Ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ní ọdún 1923, ilé-iṣẹ́ Monotype tún àwòṣe lẹ́tà Baskerville ṣe fún ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ní ọdún 1953, àwọn ará Faransé fi òǹtẹ̀ irin rẹ̀ ta Cambridge lọ́rẹ. Títí di òní ni a fi ń tẹ ìwé tí ó gùn, tí a sì ń rí i nínú kọ̀ǹpútà. Ojú tí wọ́n ní yóò fọ́ kò fọ́. Ìkórìíra ni kò jẹ́ kí àwọn ará ìgbà náà ríran.