Ìyọ̀ǹda

Nínú òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìyọ̀ǹda ni kí ẹni tó ni ìsọfúnni fi ẹnu tàbí ọwọ́ ara rẹ̀ gbà kí wọ́n lò ó, lẹ́yìn tó ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìdákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tó yọ̀ǹda lánàá sì lè gbà á padà lónìí, láìsí wàhálà kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni ọ̀rọ̀ àwọn áàpù ayánilówó. Ẹni tí owó iléèwé ọmọ ká lára á tẹ "Mo gbà", áàpù á sì kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Bí ọjọ́ ìsanwó bá yẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé onígbèsè ni. Ìgbà wo ni àna yọ̀ǹda fún wọn? Tirẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe ti ẹni tó tọ́jú u sínú fóònù.

Lóòótọ́, ìyọ̀ǹda nìkan kọ́ ni òfin gbà: báǹkì lè lo ìsọfúnni oníbàárà nítorí àdéhùn àárín wọn, tàbí nítorí pé òfin mìíràn sọ ọ́ di dandan. Ṣùgbọ́n bí ìsọfúnni náà bá jò lọ́nà tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin yìí, létí láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀ nípa rẹ̀.