Àwọn Tó Ń Po Tíì

Ní 1953, àlùfáà kan, Chad Varah, ya tẹlifóònù kan sọ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ẹni tí ayé bá sú. Èrò pọ̀ jù fún un. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń po tíì fún àwọn tó jókòó dè é, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ wá àlùfáà mọ́. Ní 1954, ó fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Samaritans nìyẹn.

Ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ dá Mentally Aware Nigeria Initiative sílẹ̀ ní 2016. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tẹ́tí, ṣùgbọ́n ìpè ń jẹ owó.

Ní Òkèrèwè wa, a kì í jáfara láti dáwó ìnáwó òkú. Èmi ń fẹ́ kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún owó ìpè wọn.