Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Ilẹ̀ Gbígbóná

Àwọn baba wa kì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbóná ṣeré. Bí wọn kò bá fẹ́ fi ẹnu kan orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná, Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é. Wọn a sì máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má rìn kiri nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tútù ni wọ́n fi ń tu ilẹ̀ lójú. Ó pẹ́ tí mo ti ń ronú lórí ohun tí ojú àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl rí, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó lọ́hùn-ún, nítorí pé ilẹ̀ gbígbóná ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí omi lè tù.

Orí òkè ni apá kan ìlú Salvador wà, apá kejì sì wà nísàlẹ̀ létí òkun. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta ni oòrùn ibẹ̀ máa ń mú jù. Òkúta ni a tẹ́ sí ọ̀pọ̀ òpópónà rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta lọ́sàn-án rí mọ̀ pé kò dà bí ilẹ̀ oko. Ilẹ̀ oko ní ọ̀rinrin nínú, koríko a sì máa ṣíji bò ó. Òkúta a máa kó ooru jọ láti àárọ̀, kì í sì í tètè fi í sílẹ̀ bí oòrùn bá tilẹ̀ wọ̀. Orí òkúta wọ̀nyí ni àwọn Nàgó ti ń ru ẹrù láti èbúté gun òkè. Wọn a tún máa fi àga gbé àwọn ọlọ́lá kiri ìlú. Ọ̀gá mìíràn a dá aṣọ tí ó jojú fún ẹrú tí ń gbé àga rẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé olówó ni òun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹrú náà yóò wà lásán. Bàtà ni àmì òmìnira, àṣà ni ó sì gbé e ró ju òfin lọ. (Ní oṣù Kẹfà ọdún 1857, nígbà tí ìjọba ìlú ní kí àwọn alárùú so àmì irin mọ́ ọrùn, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, Nàgó ni ó pọ̀ jù nínú wọn.)

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé àwọn ẹrú gan-an wà lára àwọn tí ń rán bàtà. Ayàwòrán ará Faransé kan, Jean-Baptiste Debret, tí ó gbé ní Bràsíl láti 1816 sí 1831, ya ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan. Ọ̀gá ń fi igi na ẹrú rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, ẹrú náà sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọwọ́ tí ń rán bàtà fún ẹlòmíràn ni wọ́n ń nà yẹn.

Nínú ìkéde tí àwọn ọ̀gá ń fi sínú ìwé ìròyìn láti wá ẹrú tí ó sá, a rí àwọn tí a kọ nípa wọn pé wọ́n ń wọ bàtà kí a lè pè wọ́n ní ọmọ olómìnira. Ìgboyà ńlá ni, lójú tèmi, nítorí pé ìrìn ẹsẹ̀ tí kò mọ bàtà rí nìkan tó láti tú àṣírí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888 ni Ọmọba Isabel fọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú. A máa ń pìtàn pé ọ̀pọ̀ sáré lọ ra bàtà. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti nípọn, ọmọ ìka wọn ti yà gbàgàdà, bàtà kò gbà wọ́n, wọ́n sì so ó kọ́ èjìká. Àwọn kan a máa fi èyí ṣẹ̀rín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Bàtà èjìká náà ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, ẹsẹ̀ ni ó ṣì ń jó.

Ó di ọdún 74 lẹ́yìn òfin náà, ní 1962, kí ilé-iṣẹ́ Alpargatas tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sálúbàtà rọ́bà tí a ń pè ní Havaianas, tí wọ́n wo àwòṣe rẹ̀ lára zori àwọn ará Japan. Owó rẹ̀ kò wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ àti tálákà ni ó sì kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Okùn kan ṣoṣo ni ó gba àárín ìka. Ẹsẹ̀ tí ó yà gbàgàdà rí àyè nínú rẹ̀.