Ọ̀fà àti Ìpè Ìjọba sí Àwọn Oníléeṣẹ́

Ìbéèrè tí ìjíròrò yìí dá lé lórí kò ṣòro láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò yá bọ̀rọ̀: kí ni ìjọba ìpínlẹ̀ lè ṣe tí àwọn oníléeṣẹ́ yóò fi wá tẹ̀dó sí ìlú kan, tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ yóò sì rí iṣẹ́ ṣe? Èsì tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ìjọba pè wọ́n: kí ó fún wọn ní ilẹ̀, kí ó dín owó orí wọn kù, kí Gómìnà fúnra rẹ̀ sì rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìtàn ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara fi hàn pé ìpè nìkan kò tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ìpínlẹ̀ ń pe àlejò sí ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀fà. Wọ́n ń roko, wọ́n ń hunṣọ, wọ́n sì ń ná ọjà tó jìnnà. Ní 1907, ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Òṣogbo. Ní 1908 ó dé Ọ̀fà. Ní 1909 ó dé Jẹ́bà ní etí Odò Ọya. Nígbà tí yóò fi di 1912, ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò. Kì í ṣe nítorí kí ọmọ Ọ̀fà lè ríṣẹ́ ni ìjọba amúnisìn ṣe la ọ̀nà náà. Kíkó irè oko lọ sí èbúté ni ó jẹ wọ́n lógún. Síbẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ ń dúró ní Ọ̀fà, ìlú náà di ibi tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè rẹ̀ ń kó ẹrù wá. Níbi tí ẹrù bá sì pọ̀ sí, alágbàrù, olóúnjẹ, aránṣọ àti oníṣòwò kì í wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀nà kan náà tí ó gbé ọjà wọlé ni ó gbé ọmọ jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà ni ó bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, Kánò àti Jọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn ṣòwò dé Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957. Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde kúrò nílẹ̀ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó padà wálé, àwọn ará Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára wọn. Ọdún méjì péré ni Ìpínlẹ̀ Kwara tíì lò nígbà náà, nítorí ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni a dá a sílẹ̀, David Bamigboye sì ni Gómìnà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìjọba tuntun náà bá ara rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn tí ó mọ òwò ṣe ṣùgbọ́n tí ọwọ́ wọn ṣófo.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà jìnnà sí wọn. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà ti Bacita ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Ti bébà ní Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Odò Ọya ni àwọn méjèèjì tẹ̀ lé, nítorí ìrèké àti bébà kò ṣeé ṣe láìsí omi púpọ̀. Ọ̀fà kò ní odò ńlá. Ojú irin, ọjà àti ènìyàn ni ó ní. Ní 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, ó sì lè fi í tu oníléeṣẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n ojú irin, iná mànàmáná, ọlọ́pàá àti àṣẹ lórí ọjà òkè òkun, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo wọn wà.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ọmọ Ọ̀fà kan, Olóyè Emmanuel Adesoye, ni ó dá ilé-iṣẹ́ bisikíìtì Ọ̀kín sílẹ̀ ní ìlú náà, ó sì fi ẹyẹ tí ó wà nínú oríkì ìlú rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ àwọn tí ń po ìyẹ̀fun nìkan; awakọ̀, alágbàtà àti alátẹ ń jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àlìkámà ni a fi ń ṣe bisikíìtì, òkè òkun sì ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Láti 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀; ní 1987, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, òfin náà sì wà títí di 1992. Gbogbo oníbúrẹ́dì àti oníbisikíìtì Nàìjíríà ni ó kàn. Iná ń lọ, ó ń bọ̀; ọkọ̀ ojú irin sì di ohun tí ojú ń wá tì. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ Ọ̀kín dákẹ́. Kò tọ́ kí a di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìdí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìṣòro tí a kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí Gómìnà Kwara lè fi àṣẹ tirẹ̀ mú kúrò.

Ìpè tí ó lókìkí jù lọ nínú ìtàn Kwara wáyé ní 2004, nígbà tí Gómìnà Bukola Saraki ké sí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tí ìjọba Zimbabwe ti gba oko lọ́wọ́ wọn. Àwọn 13 ni a fún ní ilẹ̀ ní Ṣọ́ńgà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí hẹ́kítà 1,000. Ìjọba fi owó sí i, àwọn báńkì sì ra ìpín níbẹ̀. Wọ́n ń sin màlúù oníwàrà àti adìyẹ, wọ́n sì gba àwọn ará agbègbè náà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn kan nínú wọn káńgárá, wọ́n lọ. Ẹni tí a pè wá lè padà. Ẹni tí ó ní ilé baba níbẹ̀ ni kì í tètè lọ.

Bí iná àti ọ̀nà tilẹ̀ wà, òwò kò lè dúró níbi tí ẹ̀mí kò bá dè. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì ní Ọ̀fà. Ẹni tí ó kú lé ní 30. Lẹ́yìn náà ni àwọn báńkì ti ìlẹ̀kùn, tí àwọn oníṣòwò sì ń gbéra lọ sí ìlú mìíràn láti gba owó ara wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lè lé oníléeṣẹ́ sẹ́yìn ju bí ìpè ọdún mẹ́wàá ti lè fà á mọ́ra lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ti yí padà. Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tí a bu ọwọ́ lù ní 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ní ojú irin tiwọn, àti láti pèsè iná kí wọ́n sì pín in fún ará ìlú. Ọlọ́pàá àti àṣẹ lórí ọjà òkè òkun ni àtúnṣe náà kò fọwọ́ kàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ kò wọ́n ní Ọ̀fà: àwọn ará ìlú ti dá Offa Grammar School sílẹ̀ láti 1943, ìjọba àpapọ̀ sì dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1992. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ìjọba wọn kì í ṣe iye oníléeṣẹ́ tí ó pè. Kí wọ́n bi í léèrè pé: iná ha ń tàn bí? Ọkọ̀ ha ń rìn? Ọmọ ìlú tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ lánàá, ṣé ó ṣì ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí?